Oúnjẹ àti bí àgbàlagbà ṣe ń padà rìn lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu àgbàlagbà, oúnjẹ tó ń jẹ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún gbé e. Inú ọpọlọ ni àrùn náà ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan rẹ̀ mọ́, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ níbẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì sí ibi tí ọpọlọ ti bàjẹ́ á sì rọ. Àmọ́ ẹran ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ tún máa ń joro, torí pé ẹni náà kò lò ó, kò sì jẹun tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10. Nǹkan bíi kílò 1 ẹran ara ló ti ẹsẹ̀ wọn lọ.

Ọ̀nà ọ̀fun ni ìṣòro ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lè gbé oúnjẹ mì dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Omi lásán lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì di òtútù àyà, ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀fun wò kí ohunkóhun tó kan ẹnu. Oúnjẹ tó kì tó sì jọ̀lọ̀ sábà máa ń rọrùn ju omi lọ. Rọ́bà tín-ín-rín tó gba imú wọlé ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn mìíràn. Ẹlòmíràn á jẹ ti apá ọ̀tún àwo tán, á fi ti apá òsì sílẹ̀, torí pé ọpọlọ rẹ̀ kò ka apá òsì kún mọ́. Àwọn ará ilé á rò pé ó yó ni, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yí àwo náà padà, á tún jẹun.

Àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn ní 2013 pé kí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn máa jẹ purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń mú ẹran ara dàgbà, gíráàmù 1.2 sí 1.5 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti bàjẹ́ gan-an. Fún ẹni tó wọn kílò 60, èyí jẹ́ gíráàmù 72 sí 90. Purotéènì inú ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ̀kọ mímu nìkan, tí wọ́n sábà ń fún aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá, kò lè débẹ̀ rárá. Aláìsàn náà nílò mọ́ínmọ́ín, ẹja tàbí ẹyin.

Ní orílẹ̀-èdè Japan, láti 2000 ni ilé ìwòsàn ti ní wọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún irú àwọn aláìsàn báyìí, wọ́n sì lè lo ọjọ́ 150 tàbí 180 níbẹ̀. Àwọn ìwádìí láti ibẹ̀ fi hàn pé àgbàlagbà tí kò jẹun kánú kì í tètè padà rìn. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní FOOD, tó jáde ní 2005, tó kó aláìsàn tó lé ní 4,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 15, fífún gbogbo ènìyàn ní àfikún oúnjẹ kò dín ikú tàbí àbùkù ara kù. Díẹ̀ nínú wọn ló rù tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, wíwọn aláìsàn lórí ìwọ̀n láti ọjọ́ tó wọlé ṣe pàtàkì, kí àfikún lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rù.