Bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ kọjá ní Òṣogbo

Àwọn tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láyé òyìnbó amúnisìn kò gbójú lé fáànù. Bí ilé yóò ṣe kọjú sí oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù kankan.

Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló le jù láti dènà, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ràn wọlé, etí òrùlé kò sì lè dí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ilé gígùn na láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí ògiri ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì má ní fèrèsé púpọ̀. Ti ọ̀sán yàtọ̀. Ní Òṣogbo, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ní àwọn oṣù yòókù, ó ti bọ́ sí gúúsù. Nítorí náà, iwájú àti ẹ̀yìn ló ń fẹ́ ìbòòji. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì ń jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Fèrèsé gbọ́dọ̀ kojú fèrèsé. Atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn wá; tí kò bá rí ọ̀nà jáde lódìkejì, kò ní wọlé dáadáa. Lókè, lábẹ́ òrùlé, ihò kéékèèké wà lára ògiri. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, àwọn ihò yẹn ló ń bá jáde, tútù á sì gba ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àjà tó ga ń fún un láyè, ó sì tún ń gba ooru páànù dúró. Yàrá iṣẹ́ àwọn wẹ́dà nílò rẹ̀ ju kíláàsì lọ.

Reluwé tó dé Òṣogbo ní 1907 mú kí páànù àti símẹ́ńtì rọrùn láti kó wọ̀lú. Àwọn oníṣẹ́ ìlú náà sì fi símẹ́ńtì dárà: bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ fún ògiri símẹ́ńtì oníhò, tí ère ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀. Ẹwà nìkan kọ́ ni irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ó ń dí oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Ó dunni pé níbi ọ̀nà atẹ́gùn gan-an ni àtúnṣe òde òní sábà ti ń ba irú ilé wọ̀nyí jẹ́. Wọ́n á fi símẹ́ńtì dí ihò òkè nítorí àdán, wọ́n á fa àjà wálẹ̀, wọ́n á pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ooru á wá há sínú ilé. Nẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín lójú ihò tó láti lé àdán, owó rẹ̀ kò sì tó ti fáànù kan.