Ìdọ́gba takọtabo ní àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìdọ́gba takọtabo ní yunifásítì jẹ mọ́ àwọn òfin, ètò àti ìṣe tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń gbé kalẹ̀ kí obìnrin àti ọkùnrin lè ní àǹfààní kan náà láti wọlé, láti kẹ́kọ̀ọ́ parí, láti ṣe ìwádìí, láti gba ìgbéga àti láti dé ipò àṣẹ. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà kan ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àìdọ́gba ti máa ń hàn jù, ìdí nìyẹn tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUTA, fi gba àyè púpọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà

Ọdún 1981 ni wọ́n dá FUTA sílẹ̀. Ọgbà rẹ̀ ni Obanla àti Obakekere. Ní ìlú Oǹdó, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeyemi tó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sì ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Yunifásítì Adekunle Ajasin wà ní Àkùngbá-Àkókó, Yunifásítì Olusegun Agagu wà ní Òkìtìpupa. Lára ti aládàáni ni Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín, Achievers ní Ọ̀wọ̀ àti Wesley ní Oǹdó. Ipò wọn kò rí bákan náà. Obìnrin kì í wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ agbẹ̀bí tàbí iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwakùsà.

Ìtàn

Obìnrin nípò àṣẹ kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè yìí. Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin ni Púpùpú, Òṣemàwé àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni Lọ́bùn, tí àwọn ará Oǹdó ń pè ní ọba obìnrin, ní ipa tirẹ̀ nínú ìfijoyè Òṣemàwé títí di òní. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọba obìnrin ni í di adelé títí wọn yóò fi fi ẹlòmíràn jẹ.

Yunifásítì lọ́ra ju ààfin lọ. Grace Alele-Williams, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó lòdì sí yíya obìnrin sọ́tọ̀. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 náà ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí akọ tàbí abo léèwọ̀, ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2006 sì fẹ́ kí ìdá 35 nínú 100 ipò jẹ́ ti obìnrin. Síbẹ̀, ó di 2022 kí FUTA tó ní gíwá obìnrin, ìyẹn Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Oladiji, onímọ̀ bayokẹ́místìrì tó wá láti Yunifásítì Ìlọrin. Ọdún 41 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti pé nígbà náà.

Láti ìgbàwọlé dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹni tó bá wo iye ọmọbìnrin tó ń wọ aṣọ mátíríkúléṣọ̀n nìkan lè rò pé ìṣòro ti tán. Iye náà máa ń dín kù bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ UNESCO, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta péré ni obìnrin lára àwọn olùwádìí lágbàáyé. Ibi tí wọ́n ti ń já sílẹ̀ kò sì jẹ́ ẹyọ kan.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tí kò bá ti yan físíìsì àti ìmọ̀ ìṣirò kò lè fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Àbẹ̀wò àwọn olùkọ́ yunifásítì sí ilé ẹ̀kọ́ bíi Fiwasaye tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọmọbìnrin ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, àti St. Louis ní Oǹdó, wúlò jù lọ bí ó bá wáyé kí wọ́n tó pín kíláàsì sí sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà. Betty Anyanwu-Akeredolu náà, nígbà tó jẹ́ ìyàwó gómìnà, gbé ètò BEMORE kalẹ̀, tó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iná sólà lásìkò ìsinmi.

Èkejì ni àkókò iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Láti àwọn ọdún 1970 ni ètò ìkọ́ṣẹ́ náà, SIWES, ti wà lábẹ́ ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, oṣù mẹ́fà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń lò ní ilé iṣẹ́. A kì í sábà mẹ́nu ba ibí yìí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdọ́gba, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń pinnu pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe tàwọn. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin á máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Wọn á ní kí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa to fáìlì, kó máa dá àwọn àlejò lóhùn. Ọ̀gá ibẹ̀ lè gbà pé òun ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, méjèèjì á gba ìbuwọ́lù kan náà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lójoojúmọ́, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì ń fọwọ́ sí. Ojú ìwé wà níbẹ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán irinṣẹ́ tó lò. Bí ojú ìwé náà bá ṣófo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, tó sì jẹ́ pé “mo to ìwé” ló wà lójoojúmọ́, olùkọ́ tó wá ṣe àbẹ̀wò ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí àbẹ̀wò náà bá tètè dé, ní oṣù kejì, àyè ṣì wà láti bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí láti pààrọ̀ ibi iṣẹ́. Kò ná yunifásítì ní owó tuntun.

Ti ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí pápá fara jọ ọ́. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òkúta àti ìwakùsà máa ń lo ọjọ́ mélòó kan ní ìgbẹ́, tí wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Ibi ìsùn tó ní kọ́kọ́rọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti olùkọ́bìnrin kan nínú àwọn tó ń darí jẹ́ ohun tó yẹ kó wà nínú ètò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni ìlọsílẹ̀ tó tóbi jù máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele méje ló wà láti olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ dé ọ̀jọ̀gbọ́n, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì kò sì sí ẹni tó lè di olùkọ́ àgbà láìní oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọdún tí ènìyàn ń wá oyè náà ni ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí máa ń bọ́ sí. Ìwé ìwádìí tí olùkọ́ tẹ̀ jáde láti ìgbà ìgbéga tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìsinmi ọlọ́mọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16, ìjọba sì fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ọmọ ní 2022. Ṣùgbọ́n ìsinmi kì í dá aago ìgbéga dúró fúnra rẹ̀. Yunifásítì lè yọ àkókò náà kúrò nínú ọdún tí wọ́n ń kà, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà nínú ìwé ìlànà ìgbéga, kó má jẹ́ ohun tí olórí ẹ̀ka yóò máa fi ṣe ojú rere.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí kò hàn sójú. Ẹ̀ka tó bá ní olùkọ́bìnrin méjì péré máa ń fi wọ́n sínú gbogbo ìgbìmọ̀ kí a lè sọ pé obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn náà ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń sá tọ̀ bí ọ̀ràn bá dé. Wákàtí tí èyí ń gbà kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kà fún ìgbéga, àfi bí ilé ẹ̀kọ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní máàkì.

Fífi ìbálòpọ̀ halẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ìròyìn ìwádìí tí BBC gbé jáde ní 2019 nípa àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Èkó àti ní Ghana ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí gbòde. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin kan lórí rẹ̀ ní oṣù Keje 2020, tó dábàá ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún 14. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ti wà láti 2015. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2021, ní àkókò Gómìnà Rotimi Akeredolu.

Òfin nìkan kì í mú akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń bà á lẹ́rù jù ni èsì ìdánwò, nítorí olùkọ́ tó fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn yìí kan náà ni yóò máàkì ìwé rẹ̀ tàbí tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́: kí ibi ìfẹjọ́sùn má ṣe wà lábẹ́ ẹ̀ka, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé kí olùkọ́ mìíràn tún ìwé òun máàkì, kí ó sì lè pààrọ̀ alábòójútó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rojọ́ níwájú olórí ẹ̀ka.

Ibùgbé àti ìtọ́jú ọmọ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ń gbé ní Apatapiti, Aule àti àdúgbò mìíràn lẹ́yìn ọgbà. Iná ojú ọ̀nà àti ọkọ̀ lẹ́yìn tí láàbù bá ti padé jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún obìnrin. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọgbà ń ran òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ bákan náà.

Ìwádìí àti owó ìrànwọ́

FUTA ní ibùdó kan, CEGIST, fún ọ̀rọ̀ takọtabo nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bolanle Awe ló dá WORDOC sílẹ̀, tó ń kó ìwé àti ìwádìí nípa obìnrin jọ. Ní UNIMED, gíwá àkọ́kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua, jẹ́ onímọ̀ nípa ìlera àwọn obìnrin. Láti ilẹ̀ òkèèrè, OWSD, àjọ àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, ń ran àwọn obìnrin tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, AWARD, ètò fún àwọn obìnrin Áfíríkà, sì ń ṣe tirẹ̀ nínú ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 2008.

Àpẹẹrẹ láti ibòmíràn

Ní 1990 ni Yunifásítì Makerere ní Uganda bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì 1.5 kún ti àwọn ọmọbìnrin nígbà ìgbàwọlé. Àwọn kan ń wí pé irú èyí kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ó yẹ kí a rántí pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà náà kì í fi máàkì nìkan gbani wọlé: ìpín wà fún ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká àti fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Athena SWAN, ètò ìdọ́gba fún àwọn yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 2005, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ka iye obìnrin ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọn yóò ṣe níbi tí iye náà ti já. Irú ìkà bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nítorí akọ tàbí abo wà lórí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé àti nínú fáìlì òṣìṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà.