Ẹgbẹ́ Ọlọ́pọlọ Pe Ọmọ Yín ní Amẹ́ríkà: Kí Ẹ Tó Sanwó

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lágéré níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ni kí n máa bá àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun to ìwé wọn. Tí ọmọ bá ti lọ tán, àwọn òbí ò ní yé wá bá mi. Ohun tí wọ́n ń gbé wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni pé ọmọ kọ̀wé sílé, ó ní ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù ti pe òun, wọ́n ní kí òun san dọ́là báyìí báyìí, kí òun wá wọlé. Lẹ́tà Gíríìkì sì ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Kò sí ìyá tó ń gbé Ifẹ̀ tó máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ.

Mi ò bá wọn wí. Ìlú yìí ló fojú rí ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn, tó wá gbọ́ "ẹgbẹ́" àti "ìgbàwọlé" nínú ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ sá lọ. Ìyá kan bi mí léèrè bóyá wọn ò ní sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ òun.

Wọn ò ní sín gbẹ́rẹ́ kankan. Èyí tó dàgbà jù nínú irú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé yìí, tí wọ́n ń pè ní honor society, ni Phi Beta Kappa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 1776 ní ilé-ẹ̀kọ́ William and Mary, ní Virginia. Ká sọ tòótọ́, ẹgbẹ́ awo ni òun náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń búra, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1831, tí inú ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ò dùn sí ẹgbẹ́ awo mọ́, ẹ̀ka tó wà ní Harvard jáwọ́ nínú àṣírí ṣíṣe, bí awo ṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wúrà kékeré táwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń lò ló kù, àti ayẹyẹ tí wọ́n ti máa ń ya fọ́tò.

Àwọn tó tẹ̀lé e pọ̀. Tau Beta Pi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1885, ti àwọn ẹnjiníà ni. Phi Kappa Phi bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Maine ní 1897, kò sì sí ẹ̀ka ìmọ̀ tí kì í mú ọmọ níbẹ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n ní ẹ̀ka nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ tó mọ èsì ìdánwò ọmọ sì ń bẹ níbẹ̀. Phi Kappa Phi kì í mú ju ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára àwọn tó wà ní ọdún kẹta. Ti Tau Beta Pi, ìdá kan nínú mẹ́jọ tó wà lókè ní ọdún kẹta ló lè wọlé, ní ọdún àṣekágbá ó di ìdá kan nínú márùn-ún. Bí oyè ni. Ẹni tí ìdílé fà kalẹ̀, tí àwọn àgbà sì fọwọ́ sí, yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó gba ìwé oyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Àwọn tó ń tà á sì wà. Obìnrin kan na fóònù rẹ̀ sí mi kí n ka ímeèlì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n" ni wọ́n pe ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan. Ìlà wúrà yí lẹ́tà náà ká, wọ́n wá fi àwọ̀ pupa kọ ọjọ́ tí ìdúnàádúrà máa parí. Oríṣi owó mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èyí tó kéré jù, wọ́n á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, èyí tó wọ́n jù, wọ́n á fi férémù sí i, wọ́n á sì fi okùn aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń so kọ́rùn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege kún un. Mo wá orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo nínú rẹ̀, mi ò rí. Wọn ò sọ iye GPA, ìyẹn àròpín máàkì ọmọ, tí wọ́n wò. Ọmọ náà ò sì tíì ṣe ìdánwò kankan, oṣù kejì rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn! Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ wà fún àwọn ọmọ ọdún kìíní, irú bíi Phi Eta Sigma, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò ni àwọn náà ń dúró dè.

Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Association of College Honor Societies, láti 1925, tó ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jẹ́ ẹgbẹ́ gidi. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òpin ọ̀rọ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kan wà tí kò sí níbẹ̀.

Èrè wo ló wà ńbẹ̀ gan-an? Àwọn ọmọ máa ń sọ fún òbí pé ó ń fúnni níṣẹ́ ìjọba. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ lóòótọ́ pé ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní GS-7 dípò GS-5 tó kéré sí i. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà gba ẹni tí GPA rẹ̀ jẹ́ 3.0 nínú 4, tàbí ẹni tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè ní kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ gidi mú ti ní ìyẹn nílẹ̀. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n sì sábà ń gbà síṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹni tó mú físà akẹ́kọ̀ọ́ dání. Ibi tí mo ti máa ń sọ pé kí òbí tètè sanwó ni Phi Theta Kappa, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ náà tó bá fẹ́ wá parí dìgírì lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣì wà nílé, ní OAU tàbí ní Yunifásítì Iléṣà, tí irú ímeèlì yìí dé bá: ta ló rí èsì yín tó fi yàn yín? Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti ṣe másításì, 4.50 nínú 5 tó sọ ọ́ di First Class àti lẹ́tà olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mójú tó.

Ẹni tó bá ti wà lọ́hùn-ún, kó lọ sí ọ́fíìsì díìnì rẹ̀, kó bèèrè olùkọ́ tó ń bójú tó ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà nínú ọgbà. Tí wọ́n bá dárúkọ ẹni tó wà lóòótọ́, kó lọ bá a, kó sì béèrè ohun kan sí i kó tó pe ilé: bóyá ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ lè bá a san owó ìwọlé náà. Àwọn míì a máa san án.