Ọkà ṣáájú ẹ̀kọ: bí àyẹ̀wò gbígbé-mì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Omi la kọ́kọ́ máa ń sáré bù. Bí àgbà bá ṣàdédé ṣubú lágbo ilé wa ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnu wọn wọ́ sápá kan, kọ́ọ̀pù omi á ti kàn wọ́n lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó wá ọkọ̀. Bí a ṣe ṣe fún ìyá ìyá mi nìyẹn. Omi ń dà jáde nígun ẹnu. Èyí tó wọlé pá wọn lórí, ohùn wọn sì wá ń dún bíi ti ẹni tí omi ń hó lọ́fun. A ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Lọ́jọ́ kẹta, òtútù àyà ti dé.

Rọpárọsẹ̀ kì í mú apá àti ẹsẹ̀ nìkan. Bó bá mú iṣan ọ̀fun, omi lè yà sí ọ̀nà èémí, kó gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wúkọ́ bó bá ń ṣẹlẹ̀, èyí ló sì burú jù.

Láyé àtijọ́, láti mọ ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, dókítà á fi igi pẹlẹbẹ kan ẹ̀yìn ọ̀fun aláìsàn, á wò ó bóyá èébì á gbé e. Kò ṣeé gbára lé: ẹni tí ara rẹ̀ le koko wà tí kì í ṣe ní nǹkan kan. Láàárín 1980 sí 1990, Jeri Logemann ní Yunifásítì Northwestern, Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ayé mọ bí a ṣe ń fi X-ray wo oúnjẹ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹ̀rọ yẹn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láago méjì òru?

Ní 1992, olùwádìí kan, DePippo, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York padà sídìí kọ́ọ̀pù omi: kí aláìsàn mu mílílítà 90 láìsinmi. Bó bá wúkọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ bá dún bí èyí tí omi wà nínú rẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Ohùn ìyá wa gan-an nìyẹn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù wá láti Austria ní 2007. Michaela Trapl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n má fi omi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ki díẹ̀ ni kó ṣáájú, kò tó ṣíbí tíì kan. Omi á tẹ̀lé e, búrẹ́dì á kẹ́yìn, torí omi máa ń yára ju ọ̀fun tí kò lágbára lọ. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tí wọ́n ń kì pé à ń jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ yangan! Kì í ṣe pé ká fi òkèlè bọ aláìsàn lẹ́nu o.

Ní 2005, ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 15 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé níbi tí àyẹ̀wò gbígbé-mì ti jẹ́ òfin, 2.4 nínú 100 aláìsàn rọpárọsẹ̀ ni òtútù àyà mú; níbi tí kò ti sí, 5.4. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Australia láti máa ṣọ́ ibà, ṣúgà àti gbígbé-mì. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn tó kú tàbí tí wọn ò lè dá ṣe nǹkan jẹ́ 42 nínú 100; níbi tí wọn ò ti kọ́ wọn, 58 nínú 100 ni. Nọ́ọ̀sì ló ṣe é, ìlú tiwa, tí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1907, kò sì ṣàìní nọ́ọ̀sì.

Lọ́dún tó kọjá, ó kan bàbá mi kékeré. Ẹnikẹ́ni ò bu omi. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé wọn jókòó, ó ní kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n gbé itọ́ mì. Ó wá fi ṣíbí tíì bu ògì tó ki fún wọn. Lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ yín.” Wọ́n á pè é, òun á tẹ́tí. Ní ṣíbí kẹta, ohùn wọn yí padà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó mú páálí, ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè orí bẹ́ẹ̀dì pé kí ẹnikẹ́ni má fún bàbá ní nǹkan kan lẹ́nu.