Orúkọ Tí Akọ̀wé Gbọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Baba Ńlá Ẹni

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá kan tí ń jẹ́ Àfàlá tún fojú kan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ogun kó wọn ní Òṣogùn ní 1821, Àjàyí lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó ti di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, Samuel Crowther ni wọ́n sì ń pè é. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Ẹni tó bá ń wá Àfàlá láàárín àwọn ọmọ ìjọ lẹ́yìn ọdún yẹn lè wá a títí kó má rí i, bẹ́ẹ̀ ìyá náà wà níbẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ìtàn baba ńlá wọn nìyẹn. Ìwé wà, ó tilẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ lọ́jọ́ tí akọ̀wé mú gègé ni ìwé mọ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn tó ra ìwé ìwọlé sí ibikíbi, ó ní láti kọ́kọ́ kó gbogbo orúkọ olóògbé jọ: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, ìnagijẹ, orúkọ ìrìbọmi tàbí orúkọ mùsùlùmí, orúkọ oyè. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè jẹ́ Òjó, kó jẹ́ Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó jẹ́ Joseph ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa pè é ní nǹkan mìíràn pátápátá.

Orúkọ ìdílé ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Àwọn baba wa kò ní irú rẹ̀ kí ilé ìwé tó dé. Olùkọ́ ló béèrè pé "Kí lorúkọ bàbá rẹ?", ọmọ náà sì dárúkọ. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní ìlú mìíràn dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá náà. Ẹnì kẹta dárúkọ agboolé. Bí ọmọ bàbá kan náà ṣe di ìdílé mẹ́ta nínú ìwé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sìn tún dé: Ògúnṣọlá di Olúṣọlá, Fábùnmi di Olúbùnmi. Ní Èkó, àwọn kan gba ọ̀nà òdìkejì, wọ́n bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Pásítọ̀ onítẹ̀bọmi tí a mọ̀ sí David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbébi ní 1894. Ẹni tó bá ń wá Agbébi nínú ìwé 1885 ń wá ohun tí kò tíì sí.

Àwọn wo la ń bi ní ilé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ baálé lọ tààrà. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé àgbà ni kò yẹ kí a fi sílẹ̀. Àwọn ló ń fi oríkì kí ọmọ ọkọ láràárọ̀, àwọn ló ń kì òkú ilé, tí wọ́n sì ń dárúkọ bàbá, bàbá bàbá, àti ìyá tó bí wọn. Ẹni tí a bá bi ní "Kí ni ìtàn ìdílé yìí?" máa ń sọ èyí tó dùn létí. Ẹni tí a bá ní kó kì wá yóò sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹrù wà. Kí a gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù, kí a má sì dá a dúró láàárín kan láti béèrè ìtumọ̀. Oríkì tí a bá gé láàárín ṣòro láti bá padà.

Oríkì orílẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìtàn lọ lọ́nà kan: kì í bá ilé ṣí. Ìdílé kan lè ti wà ní Ìbàdàn láti ìgbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ ibùdó ogun, kí wọ́n má sì rántí ibòmíràn mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kì wọ́n tí ẹnu ń yà sí "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", Ọ̀fà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń kì wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, a mọ ibi tí a ó yà sí. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ìlú púpọ̀ ká, Ọ̀yọ́ Ilé àti Òwu wà lára wọn, àwọn tó sá sì kóra jọ sí ìlú tuntun. Èèwọ̀ ilé, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, ilà tí wọ́n ń kọ, yálà àbàjà ni tàbí pélé tàbí gọ̀ǹbọ́, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkì náà. Nǹkan mìíràn tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni pé "bàbá" lẹ́nu àgbà lè jẹ́ bàbá tó bí i, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tàbí bàbá bàbá rẹ̀. Ìbéèrè tó ń là á ni "Ta ló bí i? Ìyá wo?"

Ọjọ́ orí ni ìṣòro tó kàn, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Orúkọ tún ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀. Wọn kò lè bí Babátúndé kí bàbá àgbà rẹ̀ tó kú. Bí ìwé ìrìbọmi bá sọ pé wọ́n bí Babátúndé ní 1892, a jẹ́ pé bàbá àgbà kan nínú ìdílé náà ti kú kí ọdún náà tó parí. Abógundé bá ogun wá sáyé, Abíọ́nà dé lójú ọ̀nà, Tòkunbọ̀ wá láti òkè òkun. Ìgbà tí orúkọ kò bá sọ ohunkóhun, ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú la ń fi díwọ̀n: ṣé ó ti lè ru ẹrù nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877? Ṣé wọ́n ti bí i kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901? Ṣé ó ti gbéyàwó nígbà ogun Adùbí, ní 1918? Ìdáhùn mẹ́ta irú èyí máa ń mú ọdún ìbí sún mọ́ ara rẹ̀ gan-an, ó sì sàn púpọ̀ ju ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí ìwé ètò ìsìnkú lọ. Ọjọ́ orí ibẹ̀ sábà máa ń ga sókè. Ọmọ wo ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé bàbá òun lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé?

Ìwé ilé sì ní láti tẹ̀ lé e kí a tó jáde. Bíbélì àtijọ́ tí ẹnì kan kọ ọjọ́ ìbí sí inú èèpo rẹ̀, ìwé owó orí, ìwé ìtà ilẹ̀, káàdì ìrìbọmi, ìwé ẹ̀rí Standard Six, ọ̀rọ̀ tó wà lára sàréè. Ìwé owó orí yẹn kò já mọ́ nǹkan lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ń dáná sun ún bí wọ́n bá ń tún ilé ṣe. Bẹ́ẹ̀, ó ń sọ orúkọ, ìlú àti ọdún, ó sì ń fi hàn pé ẹni náà ti tójú bọ́ nígbà náà.

Nínú gbogbo ìwé ìta, ti ṣọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń pẹ́ jù. Ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ àtijọ́ máa ń ní ọjọ́, orúkọ tuntun, orúkọ òbí, iṣẹ́ wọn, àdúgbò, àti àlùfáà tó ṣe é. Ìwé ìgbéyàwó máa ń dárúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, èyí tó ń gbé wa lọ sí ìran tó ṣáájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akọ̀wé ìjọ la ń lọ bá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ọdún tí a ti díwọ̀n sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbé ọgọ́rin ọdún ìwé kalẹ̀ fún àlejò kó máa ṣí i. Bí baba ńlá náà bá ṣiṣẹ́ fún CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà), bó ṣe katikíìsì tàbí olùkọ́, ìwé ìròyìn tó ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lè ṣì wà nínú àkójọ CMS ní yunifásítì Birmingham. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn tó kọ wọ́n, wọ́n sì ń dárúkọ àwọn aládùúgbò wọn, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tí ìdílé rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ torí ẹ̀sìn. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 náà ròyìn ìrìbọmi àti ikú àwọn èèyàn ńlá nígbà tó ń jáde.

Mọ́sáláṣí kò ní irú ìwé ìrìbọmi yìí. Ní ìdílé mùsùlùmí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àáfà àtijọ́ la ń lọ, nítorí pé ìran àwọn lèmọ́ọ̀mù ìlú kì í sọnù, àwọn kan sì ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń kéwú.

Ọ̀rọ̀ ìjọba yàtọ̀. Èkó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, ìdí nìyẹn tí ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ìgbéyàwó fi pẹ́ níbẹ̀ ju ti ìlú òkè lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú òkè, ẹni tí wọ́n bí ní 1920 kò ní ìwé ìbí, àfidáfíìtì tí wọ́n búra sí ní kóòtù nígbà tó ń wáṣẹ́ ni ìwé ìbí rẹ̀, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì lè jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà fẹ́. Ibi tí ìlú òkè ti lọ́rọ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀. Níwájú adájọ́, àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, ẹni tó bí, àti bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, akọ̀wé kóòtù sì ń kọ ọ́. Ìran mẹ́rin, márùn-ún lè wà nínú ẹjọ́ kan. Kí a kà á pẹ̀lú làákàyè: ẹni tó ń wí nílé ẹjọ́ fẹ́ jàre, ẹ̀ka ìdílé tó lòdì sí i lè máà gba orúkọ kan nínú rẹ̀. Ó dára jù láti ka ẹ̀rí ìhà méjèèjì. Fún ìdílé oyè, ìwé tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn mú kí wọ́n kọ lábẹ́ òfin oyè ti 1957 ń to àwọn ilé tó ń joyè lẹ́sẹẹsẹ.

Púpọ̀ nínú ìwé ìjọba amúnisìn wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé atọ́ka la kọ́kọ́ ń béèrè níbẹ̀, nítorí pé orúkọ agbègbè ni wọ́n fi to fáìlì: Oyo Prof, Abe Prof, Iba Prof ("Prof" dúró fún Province, ìyẹn agbègbè ìjọba). Kò sí ibi tí a ti lè béèrè "Ìwé bàbá mi dà?" Ìlú, àdúgbò, ọdún àti irú ọ̀ràn la ń mú lọ. Nínú àwọn ìròyìn tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan láàárín 1930 sí 1940, orúkọ baálé àti ìtàn agboolé máa ń wà níbẹ̀.

Bí ìtàn ilé bá wá sọ pé ẹnì kan "lọ sókè òkun, kò padà"? Ọ̀nà ò tíì dí. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, bí wọ́n ṣe gba Àjàyí ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìwé ní Freetown, ní Sàró (Sierra Leone): orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá tó wà lára. Àkójọ African Origins tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún láti irú ìwé bẹ́ẹ̀, ti Freetown àti ti Havana. Etí àjèjì ló gbọ́ orúkọ wọ̀nyí. Crowther fúnra rẹ̀ kọ Àjàyí ní "Adjai". A ní láti pe orúkọ náà sókè ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí ó tó dún bí Yorùbá, ilà tí ìyàwó ilé ti sọ fún wa sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì.

Orúkọ ìran wa náà yàtọ̀ níbẹ̀. Aku ni wọ́n ń pè wá ní Sàró, láti inú "ẹ kú". Nagô ni ní Brasil, Lucumí ni ní Kúbà. Ní Bahia, ní Brasil, ìwé ìrìbọmi Àgùdà àti ìwé ìdáǹdè ẹrú wà fún kíkà, láìka ti àwọn ìwé ẹrú tí Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó Brasil, pàṣẹ ní 1890 pé kí wọ́n sun. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìkànìyàn 1850 àti 1860 ka àwọn ẹrú láìdárúkọ wọn. Ọdún 1870 ni orúkọ àwọn tó dòmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀.

Ẹ̀ka ìyá ló máa ń sọnù kẹ́yìn. Crowther bí Abigail, Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ó sì bí Herbert ní 1864. Ẹni tó bá tọ orúkọ Crowther nìkan yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Herbert Macaulay láìmọ̀ pé ọmọ-ọmọ Àjàyí ará Òṣogùn ló ń wò. Fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé, ibi tí a ti ń gbá a mú ni ìwé ìgbéyàwó tó dárúkọ bàbá rẹ̀, àti oríkì tí wọ́n fi ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ, níbi tí wọ́n ti máa ń yà sí ìdí ìyá.