Ṣé ẹ̀jẹ̀ lè sọ bí iṣẹ́ abẹ yóò ṣe le tó?

Ìròyìn kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ tẹ́lẹ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ àpò òróòro yóò le. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, àwọn èèyàn wa ò jẹ́ ká sinmi mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi wá rèé.

Kí ni àpò òróòro?
Àpò kékeré abẹ́ ẹ̀dọ̀ tó ń tọ́jú òróòro tí ara fi ń da ọ̀rá. Òkúta lè wà nínú rẹ̀, kí àpò náà wú; ìgbà náà ni wọ́n sábà ń yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, èèyàn ò ní kú.

Kí ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀?
CRP ni, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń tú jáde bí ibì kan bá ń wú nínú ara. Wọ́n tún ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlànà Tokyo ti ọdún 2018, tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n bí àpò òróòro tó wú ṣe le tó, ka sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá ju 18,000 lọ nínú míkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ àmì pé wíwú náà ti kúrò ní kékeré.

Ẹ̀jẹ̀ apá ṣe wá mọ ohun tó wà níkùn?
Kò lè sọ ibi tó ń wú. Eéwo lásán lè gbé CRP sókè, ibà náà lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya skáàn.

Kí ló ń mú iṣẹ́ abẹ náà le?
Bí nǹkan bá rọrùn, ihò kéékèèké bíi mẹ́rin ti tó. Wọ́n á fẹ́ gáàsì kún ikùn, kámẹ́rà á wọlé, dókítà á máa wo iṣẹ́ rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Erich Mühe, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1985. Ṣùgbọ́n àpò tó ti wú a máa nípọn, a máa le, irin tí wọ́n fi ń dì í mú á máa yọ̀. Ọ̀rá ikùn àti ìfun á lẹ̀ mọ́ ọn. Òpó kékeré tó so mọ́ àpò náà, tí wọ́n fẹ́ gé, kò jìnnà sí òpó ńlá tó ń gbé òróòro kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Bí ibẹ̀ bá ti rú, ọ̀kan lè jọ èkejì lójú. Ẹni tó bá ṣi ńlá gé ti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi kámẹ́rà sílẹ̀ nígbà míì, kí wọ́n la ikùn. Ọgbọ́n nìyẹn, ẹ má pè é ní àṣìṣe.

Ṣé ìkọ́kọrẹ́ ló fa àìsàn àpò òróòro?
Rárá o, ẹ fi oúnjẹ wa sílẹ̀. Ọ̀rá inú oúnjẹ kàn ń mú kí àpò tó ti ní òkúta fún pọ̀, kó máa dunni.

CRP mi ga. Ṣé kí n sá?
Ẹ má sá. Ó ń jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ọwọ́ tó dáńgájíá gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó sì sọ fún yín ṣáájú pé wọ́n lè la ikùn. Kò sí iye kan tó ní kí wọ́n má ṣe é.

Àgbo ńkọ́, kí n fi dúró kó rọlẹ̀?
Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. CRP lè rọlẹ̀ kí òkúta ṣì jókòó síbẹ̀. Bí wíwú náà bá sì ń pẹ́, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ń lẹ̀ pọ̀ sí i. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ó wú.

Ta ló yẹ kó fura?
Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS wà lára wọn: ẹ̀jẹ̀ pupa wọn ń tètè fọ́, ohun tó ń tibẹ̀ jáde ló ń di òkúta. Bí abẹ́ ìhà ọ̀tún bá ń ro yín fún wákàtí púpọ̀, tí ara gbóná tàbí tí ẹyinjú di yẹ́lò, ẹ má yà ní kẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Ṣàgámù. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.