Jígí Ẹ̀yìn Yín Ló Ń Tú Àṣírí Idán Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ idán lórí YouTube, tí ẹ wá ń bi àwa onídán pé kí ló dé tí ọmọ kékeré fi pariwo "Mo rí i!" lójú gbogbo àlejò, ọwọ́ yín kọ́ ló burú. Ibi tí ẹ dúró sí ni. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìdánrawò níbí: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ idán kò gbọdọ̀ pe èèyàn jọ.

Ẹ jẹ́ ká mú idán owó ẹyọ tó ń pòórá. Owó tó fẹ̀ ni kí ẹ lò. Àádọ́ta sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30.6, dára, torí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á rí i. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè, kí ẹ fi orí àtàǹpàkò àti orí àwọn ìka di etí owó náà mú, kí ó dùbúlẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún á gba abẹ́ owó wọlé, àwọn ìka ọ̀tún á bò ó lójú. Bí wọ́n bá ti bò ó, kí àtàǹpàkò òsì tú u sílẹ̀, á já bọ́ sídìí àwọn ìka òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á dì, á sì lọ, ojú yín á tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ má dì í gírígírí. Ẹ bọ́ òrùka, torí owó tó bá kàn án á dún.

Ìyẹn tó. Pálọ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà.

Tẹlifíṣọ̀n tí a pa, tó dúdú lára ògiri lẹ́yìn yín, jígí ni. Kọ́bọ́ọ̀dù oníjígí tí wọ́n to àwo sí náà kò yàtọ̀. Ẹni tó jókòó níwájú ń rí ẹ̀yìn ọwọ́ yín nínú rẹ̀, owó sì wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri lásán tàbí kọ́tìnnì tó nípọn. Ẹ má fi ẹ̀yìn sí fèrèsé lọ́sàn-án, torí ìmọ́lẹ̀ á gba àlàfo ìka yín wọlé. Ẹ má gbé iná alágbèéká sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí NEPA bá mú iná lọ: òjìji owó tó ń já bọ́ á hàn lára ògiri.

Àga àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ yín ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó jókòó kọjá ìlà èjìká yín. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ẹní ló le jù, abẹ́ ni wọ́n ti ń wò. Bí ọwọ́ yín bá wà ní ìpele àyà, wọ́n á rí owó náà bó ṣe ń já. Ẹ jókòó, kí ọwọ́ yín sọ̀kalẹ̀ sí ìpele ojú wọn. Kí àlejò tó dé, ẹ ní kí ẹnìkan di owó mú níbi tí ẹ máa dúró sí, kí ẹ sì jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan, pàápàá méjì tó wà ní ìpẹ̀kun. Tí wọ́n bá ní "Ẹ tún un ṣe," ẹ má tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òsì ni wọ́n máa wò.

Ohun tó ń bí àwa onídán nínú ni àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ wa jalè, tí wọ́n ń pè é ní agbára. Ní 1856, ìjọba Faransé rán onídán wọn, Jean-Eugène Robert-Houdin, lọ sí Àlùjíríà kó lọ fi hàn pé agbára tiwọn ju ti àwọn ààfáà ibẹ̀ lọ. Àpótí kan tí ọkùnrin alágbára kò lè gbé nílẹ̀ ló fi dẹ́rù bà wọ́n. Mágnẹ́ẹ̀tì tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ló dì í mú. Ẹ wo bí idán ṣe di ohun ìjẹgàba.

Lóde òní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wó ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń jalè. Ẹ ki bébà funfun bọ ẹ̀gbẹ́ kan, owó á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun ìṣeré ọmọdé ni, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù idán. Igi róbótó méjì ló wà nínú rẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé mọ́ méjèèjì. Owó gidi ti wà nínú aṣọ náà kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ti ń yí i, aṣọ ń tú kúrò lára igi kan, ó ń tu owó sílẹ̀, ó sì ń wé bébà yín mọ́ igi kejì. Ìdí nìyẹn tí onítọ̀hún fi máa ń tẹ ẹyọ kan tàbí méjì péré: bí èyí tó kì sínú bá tán, kò sóhun tó máa jáde. Ẹ fi bírò kọ orúkọ yín sára bébà kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ náà á wà lára owó tó jáde. Bó bá sì béèrè owó tó máa fi ra kẹ́míkà, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ kọjá sí.